Bí Mo Ṣe Fi Irin àti Kẹ́ẹ̀gì Omi Bá Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Àtọ̀gbẹ Jà

Orúkọ mi ni Sàdíátù. Tí ẹ bá dárúkọ bẹ́ẹ̀ ní Ìgbògbò, ó lè jẹ́ pé wọn ò ní mọ ẹni tí ẹ ń wí. Àmọ́ tí ẹ bá ní Ìyá Kóòṣì, ọlọ́kadà tí ó bá kọ́kọ́ dúró fún yín á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo: mo ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń jókòó, bí wọ́n ṣe ń dìde, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù, àti bí wọ́n ṣe ń mí. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ọ́ báyìí. Wọ́n ní ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Mo gbọ́ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, mi ò sì tíì rí ẹni tí ó dárúkọ iṣẹ́ tèmi fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti sọ ọ́.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Ní ilé ẹ̀kọ́, èmi ni mo máa ń ju òkò irin jìnnà jù láàárín àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan ń lọ gbé irin ní àgbàlá Ọ̀gá Délé ní Ìtamágà. Mo tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ kan, mo sì sọ fún Ọ̀gá Délé pé mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Sójà ni Ọ̀gá Délé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni ó ń kọ́ àwọn sójà ní eré ìdárayá nígbà náà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ Ajé, kí n sì ti jẹun kí n tó dé. Owó tí ó ń fún mi kò tó ohun tí à ń sọ, nítorí náà mi ò ní sọ ọ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mi ò fọwọ́ kan irin. Igi ìgbálẹ̀ ni ó gbé lé mi léjìká, ó sì gbé àpótí kékeré kan sẹ́yìn mi. Ó ní kí n máa bẹ̀rẹ̀ títí ìdí mi á fi kan àpótí fẹ́ẹ́rẹ́, kí n sì dìde, kí n máa ka á sókè, láti oókan dé ọgọ́rùn-ún. Gìgísẹ̀ mi ni ó máa ń wò. Tí gìgísẹ̀ bá ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Lọ́jọ́ kan mo ka dé mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, gìgísẹ̀ mi sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Mo gbọ́ tí ó sọ lẹ́yìn mi pé, “Oókan.” Mo bú sẹ́kún. Ó kọjú sí ògiri títí mo fi sunkún tán, kò bẹ̀ mí, kò sì bá mi wí. Nígbà tí mo dákẹ́, ó tún sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Ẹni tí ó bá pẹ́ ìṣẹ́jú kan á padà sílé. Ẹni tí ó bá ju irin sílẹ̀ dípò kí ó gbé e sílẹ̀ á gbá gbogbo àgbàlá. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí ẹni tí ó ń wọlé tí Ọ̀gá Délé kì í bi léèrè ohun tí ó jẹ, bí ó ṣe sùn, àti ibi tí ń dùn ún lára. Á kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé gígùn kan. Èmi rò pé àtojúbọ̀ lásán ni. Mo máa ń sọ lọ́kàn ara mi pé tí n bá dá dúró, mi ò ní máa bi àwọn èèyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Irin tí mo ń sọ yìí, ẹ má rò pé irú èyí tí ẹ ń rí báyìí ni. Ọ̀pá tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ akẹ́rù ni à ń lò. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ símẹ́ǹtì tí Ọ̀gá Délé dà sínú garawa ọ̀dà, tí ó jẹ́ kí ó gan. Méjì kì í wọ̀n dọ́gba, nítorí náà ẹni tí ó bá gbé e gbọ́dọ̀ mọ apá tí ó wúwo. Nígbà tó yá, irin gidi dé, ojú rẹ̀ ń dán, wọ́n kọ ìwọ̀n sí i lára. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé pẹ̀lú aago tí ń ké nígbà tí àsìkò bá pé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, fèrè ni ó wà lẹ́nu ọ̀gá mi. Mo ti lo gbogbo wọn. Ara èèyàn nìkan ni kò yí padà.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, mo gba àgbàlá tèmi ní Ìgbògbò. Àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé obìnrin tí ń gbé irin kò ní bímọ. Mo bí mẹ́rin. Ọdún ń gorí ọdún, iṣẹ́ sì ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí ọ̀nà tuntun kan fi gbòde. Àwọn ọ̀dọ́ rí i lórí fóònù. Wọn kì í gbé irin kan kí wọ́n sinmi pẹ́ mọ́. Wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì omi sáré, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á fò gun àpótí, wọ́n á ti nǹkan, wọ́n á fa nǹkan, gbogbo rẹ̀ gbóná-gbóná, aago sì ń sọ fún wọn ìgbà tí wọ́n máa dúró. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí ara ń ṣe nínú ilé àti lóko ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì ń fi agbára ṣe é. Ikùn àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń sùn dáadáa. Àgbàlá mi kún, orí mi sì wú. Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Tíámíyù jẹ́ bíríkìlà ní àdúgbò wa, ó tó ẹni àádọ́ta ọdún, ikùn rẹ̀ tóbi díẹ̀, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Ó wá ní àárọ̀ Sátidé kan. Mo ní kí ó kọ́kọ́ jókòó, kí ó wo bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe é. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń gbé búlọ́ọ̀kù, kí ni kẹ́ẹ̀gì omi máa fi òun ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ó bá àwọn díje. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì jẹ́ kí ó bọ́ sí i. Mi ò bi í ní ohun kankan. Nígbà tí wọ́n ń yí ìgbà kẹta, ó dúró, ó di orí mú, ó ní orí ń lu òun kìkì.

Mo sọ fún un pé, “Ó kù díẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi, mi ò sì lè dá a padà. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ẹ̀gì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, òun náà sì ṣubú lé e. Nígbà tí a dojú rẹ̀ sókè, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. A gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tipẹ́, àti pé rọpárọsẹ̀ ni ó mú un. Ó yè é, àmọ́ apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ bá mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kò pariwo.

Ó ní, “Ìyá Kóòṣì, ṣé ẹ ò bi í ní nǹkan kan kí ẹ tó gbé ẹrù lé e lọ́wọ́ ni?”

Mo ti àgbàlá mi pa. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ bá Ọ̀gá Délé, tí ó ti darúgbó gan-an nígbà náà, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Mo rò pé á tù mí nínú. Ohun tí ó sọ ni pé kí n gbé ìwé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn mi wá. Mo gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ṣí i títí ó fi dé ibi tí mo kọ orúkọ Tíámíyù sí. Kò sí ohun mìíràn lórí ojú ewé náà.

Ó ní, “Mo kọ́ ẹ ní irin, o gbà á. Mo kọ́ ẹ ní ìbéèrè, o ò gbà á. Lọ bá àwọn tí ó mọ àìsàn, kí wọ́n kọ́ ẹ.”

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin àti ewú lórí. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí wa, Nọ́ọ̀sì Adéọlá. Ó kọ́kọ́ rò pé mo wá ta àgbo tí ń fa ikùn wọlé ni, ó sì lé mi. Mo padà wá ní ìgbà mẹ́ta kí ó tó gbà mí gbọ́. Ó fún mi ní àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ ní ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ máa ń wá. Nǹkan bí ọdún kan ni mo fi jókòó síbẹ̀. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ìka láti mọ ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ bóyá egbò wà níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Nọ́ọ̀sì Adéọlá le ju Ọ̀gá Délé lọ. Tí mo bá so aṣọ ẹ̀rọ náà mọ́ apá èèyàn láìtọ́, á tú u, á ní kí n tún un so.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ó pa bàbá mi. Aránṣọ ni bàbá mi, ó máa ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orí sì máa ń fọ́ ọ lójoojúmọ́. Ọjọ́ kan ni ó ṣubú sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. A pariwo pé ọ̀tá ni. Ogún ọdún ni mi ò fi kí ẹnì kan nínú ẹbí wa nítorí ikú yẹn. Nígbà tí mo gbọ́ tí Nọ́ọ̀sì Adéọlá ń ṣàlàyé fún ọkùnrin kan ohun tí orí fífọ́ rẹ̀ lè jẹ́, mo jáde síta, mo sì jókòó sábẹ́ igi títí ara mi fi balẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo lọ kí ẹbí tí mo bá yodì.

Dókítà kan níbẹ̀ ni ó ṣàlàyé fún mi ìdí tí iṣẹ́ mi fi lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ó ní iṣan tí ó bá ṣiṣẹ́ gidi máa ń fa ṣúgà láti inú ẹ̀jẹ̀, pé ọkàn tí a bá mú sáré díẹ̀ kí a tó jẹ́ kí ó sinmi máa ń lágbára sí i, àti pé òpó ẹ̀jẹ̀ á máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ó ní líle iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá ara ẹni tí ń ṣe é mu. Fún ọ̀dọ́, líle lè jẹ́ kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì sáré. Fún arúgbó, kí ó dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹwàá láìfọwọ́ ti nǹkan ti le tó. Àwọn méjèèjì á mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn méjèèjì á sì jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó tún ní kí n má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé pé kí ó dá oògùn rẹ̀ dúró. Dókítà nìkan ni ó lè dín in kù.

Gbogbo ìgbà yẹn, Ọ̀gbẹ́ni Tíámíyù kò kúrò lọ́kàn mi. Mo lọ sí ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó rẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn. Ìgbà kẹta, ó gbé àga fún mi. Ilé ìwòsàn ti ní kí Tíámíyù máa ṣe àwọn nǹkan kan lójoojúmọ́ kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, àmọ́ ó máa ń sú u. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n máa wá bá a ṣe é ní àràárọ̀. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dídìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún. Lẹ́yìn oṣù kan, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife omi láti orí tábìlì kan dé òmíràn, omi ń dà sílẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ń nù ún. Lẹ́yìn ife, a gbé ìgò omi. Lẹ́yìn ìgò, a gbé kẹ́ẹ̀gì kékeré. Ó gba ọdún kan ó lé. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ to búlọ́ọ̀kù sórí ara wọn ní ẹ̀yìnkùlé, ìlà náà wọ́, òun fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún mi lọ́jọ́ náà.

Kò lè ṣe iṣẹ́ bíríkìlà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo tún àgbàlá mi ṣí, ó ní kí n gbé àga àti ẹ̀rọ tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò sí ẹnu ọ̀nà, òun ni òun á máa jókòó síbẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó wọlé tí kò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Tíámíyù kọjá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru jù lọ́jọ́ náà á rìn díẹ̀, á lọ sílé tàbí ilé ìwòsàn. Ọ̀dọ́ tí ó bá ní òun kò ní àsìkò ìbéèrè, Tíámíyù á ní kí ó wo ọwọ́ òun. Wọ́n máa ń jókòó.

Ìjọba wá gbé Nọ́ọ̀sì Adéọlá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kò pẹ́ tí ó fi pè mí. Ó ní àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tí wọ́n wà ní Ọjà Olúwo ń kún ilé ìwòsàn òun, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà wọ́n láàmú, wọ́n ń gba oògùn, wọ́n sì ń padà sórí àpótí wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ bá mi jà níbẹ̀ ni Ìyá Rísí. Ẹja yíyan ni ó ń tà, ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún, àtọ̀gbẹ sì ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó ní láti ìdájí ni òun ti ń ṣe wàhálà nídìí ààrò, kí ni mo tún fẹ́ kí òun ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dìde lórí àpótí rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún láìfọwọ́ ti orúnkún. Ó ṣe méjì, ó sì jókòó, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo ní, “Ẹ má bínú, ìyá. Iṣẹ́ yín ń mú kó rẹ̀ yín ni, kì í fún yín lágbára.”

Ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé orí àga ni òun ti ń kírun láti ọdún mẹ́ta, nítorí tí òun bá forí kanlẹ̀, àfi kí wọ́n fa òun dìde. Ó ní òun ti múra àtilọ sí Mẹ́kà tipẹ́, àmọ́ Rísí ọmọ òun ní òun kò lè lọ àfi tí wọ́n bá máa fi kẹ̀kẹ́ arọ tì òun káàkiri. Ó ní, “Mi ò fẹ́ kí wọ́n tì mí.”

Ẹ̀yìn ọjà ni a ti ń ṣe é, tí ọjà àárọ̀ bá ti fà díẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ẹja ni a rọ yanrìn sí dípò irin. Wọ́n á fi gbogbo agbára ṣe é fún ìlàjì ìṣẹ́jú, wọ́n á sinmi fún ìṣẹ́jú kan gbáko: gbé apẹ̀rẹ̀ rìn kíákíá, jókòó dìde, fọwọ́ ti ògiri, gun pèpéle sọ̀kalẹ̀. Nọ́ọ̀sì Adéọlá á ti yẹ gbogbo wọn wò kí a tó bẹ̀rẹ̀, á sì wo ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ àti bàtà wọn. Èmi máa ń fi súìtì sápò nítorí ẹni tí ṣúgà rẹ̀ bá wálẹ̀ jù tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín pọ̀ níbẹ̀. Àwọn obìnrin yẹn máa ń bú aago fóònù mi bí ẹni pé èèyàn ni.

Kò lọ tààrà. Nígbà tí ó tó oṣù márùn-ún, ara Ìyá Rísí yá débi pé ó dá oògùn rẹ̀ dúró láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣúgà rẹ̀ gòkè, ó sùn sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ márùn-ún. Rísí dá mi lẹ́bi, mi ò sì bá a jiyàn, nítorí mo mọ bí irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ṣe rí. Mo jókòó ti ìyá náà lójoojúmọ́ títí wọ́n fi ní kí ó máa lọ. Nígbà tí ó padà sí ẹ̀yìn ọjà, Rísí tẹ̀ lé e wá, ó ní òun fẹ́ máa ṣọ́ wa. Ó ṣọ́ wa títí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé apẹ̀rẹ̀, títí ó fi ní kí n kọ́ òun ní iṣẹ́ náà. Mo gbé igi ìgbálẹ̀ lé e léjìká.

Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí dókítà tó dín oògùn Ìyá Rísí kù. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀ pé kí n wá wo nǹkan. Ó tẹ́ ẹní, ó kírun, ó forí kanlẹ̀, ó sì dìde fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n jókòó jẹun.

Mo fẹ̀yìn tì ní ọdún tó kọjá nítorí orúnkún mi. Mo fi àgbàlá Ìgbògbò lé àwọn tí mo kọ́ lọ́wọ́, Rísí sì gba ti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ro irú iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ kí àwòrán àwọn tí iṣan wọn dì lórí fóònù tàn yín. Ìbéèrè ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, sùúrù ni ó sì tẹ̀ lé e. Ẹ óò rí ẹni tí kò ní yá, tí àìsàn rẹ̀ ju agbára yín lọ, ẹ óò sì rí ẹni tí á yá díẹ̀ tí á pa oògùn tì. Síbẹ̀, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn tí èèyàn ti ń fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tí kò lè gun àkàsọ̀ ní oṣù kìíní, tí ó ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ gùn ún ní oṣù kẹfà.

Ní oṣù Hájì tó kọjá, mo lọ kí wọn ní Ẹ̀pẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Rísí ń múra àwọn obìnrin sílẹ̀, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Mẹ́kà. Rísí jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní òun ti yí Káábà po, òun sì ti ṣe lílọ-bíbọ̀ ìgbà méje láàárín òkè méjèèjì tí àwọn tó bá lọ Mẹ́kà máa ń rìn, àti pé ẹsẹ̀ ara òun ni òun fi rìn ín. Ó ní ó rẹ obìnrin kan tí ó kéré sí òun lọ́jọ́ orí ní ìdajì ọ̀nà, òun sì bá a gbé àpò rẹ̀. Mo kí i kú oríire, mo pè é ní Àlhájà.

Rísí kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn náà ni ó wo aago, tí ó sì ní kí àwọn obìnrin gbé apẹ̀rẹ̀ wọn.